Téèpù Tó Wà Lọ́rùn Mi

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kẹwàá

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Bàtà dúdú tí mo fi ń lọ síbi òkú ni mo wọ̀, torí òun nìkan ni kì í gbomi. Mo dé gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ ṣáájú gbogbo èèyàn, mo jókòó síwájú pátápátá, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀.

Ọmọkùnrin kan wọlé, ó fa fìlà bo ojú. Ó tẹrí ba fún mi.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ yín ò tíì dé ni?"

"Ọmọ wo?"

"Èyí tí ẹ mú wá."

"Èmi gan-an ni ọmọ náà."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i tí mo yọ ìwé àti bírò jáde, ẹ̀rín náà gbẹ, ó ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ káàbọ̀ sínú ìyà." Ó wá jókòó tì mí. Fìlà ni màá máa pè é níbí.

Mi ò kọ ìwé yìí nítorí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ nínú mi, àwọn ará ilé sì ti gbọ́ ọ sú. Ohun tó wà nílẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: wọ́n gbà mí wọlé láti fi sáà kan dán mi wò. Bí mo bá gba àádọ́ta nínú físíìsì, tí mo tún gba àádọ́ta nínú ìṣirò, mo di akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Bó bá fi oókan dín, kí n padà sídìí maṣíìnì ìránṣọ. Máàkì tí wọ́n ń béèrè fi mẹ́rin péré ju ọjọ́ orí mi lọ. Láti ìgbà tí mo ti jáde girama, mi ò yanjú ìṣirò kankan tí kò ní aṣọ nínú.

Kí ló gbé mi débẹ̀? Mo fẹ́ mọ ìdí nǹkan ni. Ìdí tí áyọ́ọ̀nù fi ń gbóná. Ìdí tí aṣọ ọ̀ra fi ń lẹ̀ mọ́ ara lásìkò ọyẹ́ tó sì ń ta pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Ọjọ́ wo lèèyàn máa ń dàgbà kọjá "kí ló dé"? Ọjọ́ yẹn ò tíì dé bá mi.

Ọjọ́rú, 7 oṣù kẹwàá

Mo ti rí olùkọ́ wa. Ó kéré sí mi dáadáa, ara rẹ̀ tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ọmọ ló dákẹ́ fún un. Ó béèrè pé bí a bá ju ohun tó wúwo àti ohun tó fúyẹ́ sílẹ̀ pọ̀ láti òkè, èwo ló máa kọ́kọ́ balẹ̀. Ọmọbìnrin onígíláàsì kan ní wọ́n á jọ balẹ̀ ni.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó wà nínú ìwé, mà."

"Ìwé mọ̀. Ìwọ ńkọ́?"

Ó bọ́ bàtà, ó gun orí tábìlì, ó yọ ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó wá ń wá ohun tó fúyẹ́. Bọ́tìnnì ò wọ́n nínú báàgì mi, mo na ọ̀kan sí i. Ó jù wọ́n sílẹ̀ pọ̀. Ìró kan ṣoṣo la gbọ́. Ó tún ṣe é. Ìró kan ṣoṣo. Mo ti ń ran bọ́tìnnì mọ́ aṣọ láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ó ní iyì tó báyìí.

Àwọn ọmọ ti sọ ọ́ ní Ìyá Báwo-lo-ṣe-mọ̀. Bó bá kan èmi, á ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀, mà?" Èmi náà á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà." A ń fi mà lu ara wa bíi bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù kẹwàá

Ìṣirò. Mi ò fẹ́ sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù kẹwàá

Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń bójú tó o láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, òun náà jẹ́ aránṣọ, maṣíìnì wa kọjú síra wọn. Òwú ti gbówó lórí, owó ọkọ̀ náà tẹ̀ lé e.

"Kí ni wọ́n kọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí?" Ẹ̀gbọ́n mi ò gbójú sókè.

"Bí nǹkan ṣe ń já bọ́ láti òkè."

"O sanwó kí wọ́n tó sọ fún ẹ pé ohun tó bá lọ sókè á wálẹ̀?"

"Bó ṣe ń yára sí i ni wọ́n kọ́ wa."

"Ó ń yára nítorí pé ó fẹ́ tètè délé. Wá san tèmi."

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó jẹ́ oníbàárà mi látọjọ́ pípẹ́ wá gba búláòsì rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde. Bó ṣe máa ń dán aṣọ wò nìyẹn. "Mo ti dé ọ̀dọ̀ aránṣọ mẹ́fà kí n tó rí ẹ," ó ní. "Aṣọ tìẹ nìkan ló ń jẹ́ kí n mí. Yunifásítì yẹn ò gbọdọ̀ gbà ẹ́ lọ́wọ́ wa o." Inú mi dùn, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé bóyá ohun kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi nìyí, tí mo wá ń fi sílẹ̀ lọ ka ìwé tí kò yé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù kẹwàá

Mo ń ka ìwé sókè kí ọkọ mi máa gbọ́, kó lè béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ mi. Táìsì ilẹ̀ ló ń lẹ̀ nílé onílé látàárọ̀, orúnkún ń ro ó. Mi ò tíì ka ojú ìwé kan tán tó fi ń hanrun. Nígbà tó jí, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, físíìsì yìí dára. Kí wọ́n máa tà á ní ilé oògùn."

Ṣùgbọ́n láàárọ̀, òun ló fọ abọ́, òun ló gbé ìwé mi sínú ọ̀rá kí òjò má baà pa á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kọkànlá

Láàbù lónìí. Ogójì nínú ọgọ́rùn-ún máàkì físíìsì ló wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n fún wa yìí. Ọmọbìnrin onígíláàsì yẹn ni wọ́n pín mọ́ mi. Gíláàsì ni gbogbo wọn ń pè é.

Iṣẹ́ náà rọrùn láti sọ: so irin róbótó kan mọ́ ìdí okùn, gbé okùn náà kọ́, jẹ́ kó máa fì, ka ìfì rẹ̀, fi aago wọn àkókò rẹ̀. Bí o bá mọ bí okùn ṣe gùn tó àti bí ìfì kan ṣe pẹ́ tó, o lè ṣírò agbára tí ilẹ̀ fi ń fa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Mo dúró ti okùn yẹn, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò kánjú, kò sì lọ́ra. Mo ní nínú ara mi pé ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀ yìí ni mo ń wọ̀n, bí ẹní ń wọn ìbàdí oníbàárà. Ara mi bù máṣọ.

Rúlà onígi kò kárí. Èyí tó kàn wá, ìdí rẹ̀ ti kán. Mo fẹ́ lọ tọrọ, Gíláàsì dá mi dúró.

"Màmá, kí lẹ tún ń wá? Téèpù wà lọ́rùn yín."

Lóòótọ́ ni. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ mọ́ nígbà tó bá wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi ló fi kọ́ mi lọ́rùn lọ́jọ́ tí mo kọ́ṣẹ́ tán, kò sì sí aṣọ tí mo rán tí kò fọwọ́ sí. Mo nà án gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn. Gíláàsì ní, "Ẹ wo ọwọ́ yín, kò gbọ̀n rárá." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí nínú yunifásítì tí mo mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe.

Ìwé sọ pé 9.8 ló yẹ kí agbára náà jẹ́. Tiwa jẹ́ 9.6.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kọkànlá

Gíláàsì ń ṣàìsàn, ó ti gba àyè lọ́wọ́ wọn láti ṣe tiẹ̀ nígbà míì. Mo nìkan ṣe é. Mo gé okùn kúrú, mo lo èyí tó gùn, mo pààrọ̀ irin, mo sé fèrèsé kí atẹ́gùn má fẹ́ sí i. 9.6. 9.6. 9.6. Gbogbo àwọn tó kù ti rí 9.8, wọ́n ti lọ jẹun.

Mo jókòó sórí àpótí, mo wo ọwọ́ mi. Bóyá orí mi ti gbó jù. Bóyá ó ní ìgbà tí ilẹ̀kùn ọpọlọ máa ń tì, tí ẹni tó wà níta á kàn máa kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kọkànlá

Ọjọ́ ńlá. Ẹ̀ka wa pe àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì jáde níbí láti wá sọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Mo fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ kí n tó gbàgbé.

Obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń tan ìtànṣán tí ojú kò rí sí kókó jẹjẹrẹ. Òun ló ń ṣírò iye tó máa wọ ara aláìsàn, kó má pọ̀ jù, kó má kéré jù. Ó ní, "Bí mo bá ṣì í, kò sẹ́ni tó máa kígbe, torí kì í dunni lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣírò ó, tí ẹlòmíràn á sì tún un ṣírò láìwo tèmi." Mo wo ìka rẹ̀ tó fi ń sọ̀rọ̀. Ìka lásán ni. Ẹ̀mí èèyàn mélòó ló ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá?

Ọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ ojú ọjọ́ fún pápákọ̀ òfuurufú. Fìlà dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ lórí rédíò pé òjò ò ní rọ̀ ní Ìṣẹ́gun. Mo sá aṣọ."

Ọkùnrin náà ní, "Mo sọ pé ó jọ pé kò ní rọ̀. Ìwọ lo gbọ́ pé kò ní rọ̀. Aṣọ rẹ ti gbẹ?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ ni, sà."

Ẹnì kan wọ kóòtù, báńkì ló wà. Ó ní òun ò rí okùn tó ń fì mọ́ láti ọjọ́ tí òun ti jáde, ṣùgbọ́n owó àwọn èèyàn náà ń fì, ọ̀nà kan náà ni òun fi ń ṣírò ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olùkọ́ girama kan dìde, aṣọ rẹ̀ ti ṣá díẹ̀. Ó ní òun ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, òun kàn ń kọ́ àwọn ọmọ ni. Ó wá nawọ́ sí obìnrin ọsibítù àti ọkùnrin ojú ọjọ́: "Àwọn méjì yìí wà lára wọn." Àwọn méjèèjì dìde fún un. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ títí. Èmi náà pa á títí ọwọ́ fi ń ta mí.

Ẹni tó gbẹ̀yìn ló mú ọkàn mi lọ. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì òṣùwọ̀n. Ó ṣí àpótí kan, aṣọ múlọ́múlọ́ wà nínú rẹ̀ (ẹni tó rán an mọṣẹ́), wéètì idẹ wà lórí aṣọ náà láti kékeré dé ńlá, ó ń dán. Òun ló ń lọ káàkiri láti yẹ òṣùwọ̀n wò: ti àwọn tó ń ta ẹran, ti ilé epo, ti ilé oògùn. "Gbogbo ayé ló ń wọn nǹkan," ó ní. "Èmi ni mo ń wọn ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n."

Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti dàgbà ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ pé yóò ti lé ní àádọ́ta kó tó gba ìwé ẹ̀rí?"

"Òṣùwọ̀n kì í béèrè ọjọ́ orí, mà. Ó kàn fẹ́ ẹni tí kò ní tàn án."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń wo ọrùn mi. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún padà wò ó. Ìtìjú bò mí. Mo ní aránṣọ ló rí, ó ń ṣe é ní kàyéfì ohun tí mo wá ṣe níbí. Bí mo ṣe jókòó ni mo ká téèpù náà, mo tì í bọ inú báàgì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kọkànlá

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. 9.6. Fìlà yọjú sí ìwé mi.

"Màmá, ẹ má fìyà jẹ ara yín. Ẹ kọ 9.8 síbẹ̀. Ẹ mú ìdáhùn, ẹ fi rìn padà sẹ́yìn, ẹ tún àwọn nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ ṣe. Báyìí ni gbogbo wa ṣe ṣe é."

"Gbogbo yín?"

"Ta ló láyé à ń ka ìfì? Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ò yí padà."

Ogójì máàkì. Mo ṣírò rẹ̀ títí: bí mo bá pàdánù rẹ̀, ìdánwò ńlá nìkan ò lè gbé mi dé àádọ́ta, àyàfi bí mo bá di ẹlòmíràn. Mo mú bírò. Mo pa 9.6 kan rẹ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn Ìyá Báwo-lo-ṣe-mọ̀ létí mi: báwo lẹ ṣe mọ̀, mà? Kí ni màá sọ? Pé Fìlà ló sọ fún mi?

Mo tún un kọ: 9.6. Kì í ṣe pé mo jẹ́ olóòótọ́ ju àwọn ọmọ yẹn lọ. Ẹ̀rù ìbéèrè yẹn ló bà mí ju ẹ̀rù òdo lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kọkànlá

Mo ti fi ìwé láàbù náà lé olùkọ́ lọ́wọ́. Ó ti tán.

Ọjọ́rú, 25 oṣù kọkànlá

Olùkọ́ wa ránṣẹ́ pè mí. Ọ́fíìsì rẹ̀ kò fẹ̀, páálí ló kún ún, ife tí kò ní etí wà lórí wọn. Mo ti múra sílẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ó kó ìwé kíláàsì wa sílẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ wo gbogbo eléyìí. 9.8. 9.81. 9.8. Àwọn wọ̀nyí ti mọ ilé tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó jáde. Tiyín nìkan ló sọnù."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo gbìyànjú..."

"Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀, mà. Okùn kúkúrú, ibì kan náà ló já sí. Okùn gígùn, ibì kan náà. Ẹni tó ń ṣìnà lójoojúmọ́, tó sì ń já sí ẹnu ọ̀nà kan náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń júwe ọ̀nà fún un ló ń purọ́. Kí lẹ fi wọn okùn?"

Mo yọ téèpù jáde nínú báàgì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbà á tọwọ́tọwọ́ bí ẹni gba ọmọ tuntun, ó mú rúlà irin gígùn kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó tẹ́ wọn lé ara wọn lórí tábìlì. Òdo dọ́gba pẹ̀lú òdo. A jọ ń fi ojú tọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tó fi máa dé ọgọ́rùn-ún lórí téèpù mi, irin ti wà lórí ọgọ́rùn-ún àti méjì.

"Bóyá irin yẹn ló súnkì," mo ní.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, mà?"

Ó mú irin mìíràn wá. Ọgọ́rùn-ún àti méjì. Ó ṣàlàyé fún mi jẹ́jẹ́: aṣọ ni wọ́n fi ṣe téèpù àtijọ́ bẹ́ẹ̀, bí a bá ń fà á lọ́dọọdún, á máa nà, gbogbo nọ́ńbà orí rẹ̀ á jìnnà síra wọn. Ohun tó gùn, á pè é ní kúkúrú. Ó mú bírò, ó fi gígùn tòótọ́ sínú ìṣirò mi. 9.8 jáde síta bí ẹni pé ó ti ń sá pamọ́ sẹ́yìn mi látọjọ́ yìí.

Mo sunkún. Kò sẹ́ni tó bú mi, mo kàn sunkún ni. Téèpù yẹn! Gbogbo ìbàdí, gbogbo èjìká, láti ọjọ́ tí ọ̀gá mi ti fi kọ́ mi lọ́rùn. Obìnrin òṣùwọ̀n yẹn ti rí i. Ọjọ́ orí téèpù náà ló ń wò lọ́rùn mi, kì í ṣe tèmi.

Ìyá Báwo-lo-ṣe-mọ̀ dúró kí n nu ojú. "Èmi kì í fún 9.8 ní máàkì," ó ní. "Bí èèyàn ṣe mọ̀ ni mo ń fún. Ẹ lọ wádìí téèpù yìí dé ìdí: iye tó fi nà, ohun tó nà án, bóyá òun nìkan ni. Ẹ kọ ọ́. Máàkì yín wà níbẹ̀. Àwọn tó kù yóò lọ tún tiwọn ṣe níwájú mi."

Fìlà ti ń dúró dè mí níta. "Màmá, ẹ ti kó bá wa o. Gbogbo wa ló ń padà lọ ka ìfì."

"Ilẹ̀ ò yí padà."

"Ẹ ṣé, mà."

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù kọkànlá

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Pé téèpù rẹ àti téèpù irin tèmi ò dọ́gba. Ọjọ́ tá a wọn fèrèsé fún kọ́tìnnì ni mo ti rí i."

"O ò sì sọ̀rọ̀?"

"Mo rò pé sẹ̀ǹtímítà aránṣọ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń lẹ táìsì ni. Ta ni mí tí màá fi bá ìyàwó mi jà lórí sẹ̀ǹtímítà?"

Bí mo bá ní kí n máa bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. A rẹ́rìn-ín títí ó fi ní orúnkún ń dun òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù kọkànlá

Mo lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, mo ń yá téèpù lọ́wọ́ àwọn aránṣọ àdúgbò. Àwọn kan rò pé mo fẹ́ ṣí ilé iṣẹ́. Mo tẹ́ gbogbo wọn sórí rúlà irin tí olùkọ́ yá mi, mo gbé áyọ́ọ̀nù kọ́ ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wo bí wọ́n ṣe ń nà. Àwọn tuntun tó ń dán ò mira. Àwọn ti aṣọ ń purọ́, oníkálukú pẹ̀lú irọ́ tiẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló burú jù: ọgọ́rùn-ún àti mẹ́rin.

"Nítorí èyí lo ṣe lọ sí yunifásítì?" ó ní. "Kí o lè wá pe téèpù mi ní òpùrọ́ lójú mi?"

"Irin ló pè é bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó gba téèpù náà, ó wò ó, ó ń ronú. "Abájọ. Nọ́ńbà tí mo kọ sínú ìwé nígbà tí téèpù yìí ṣì jẹ́ tuntun ni mo ṣì fi ń gé aṣọ wọn. Gbogbo àwọn oníbàárà mi máa ń sọ pé aṣọ ti ń tóbi lára àwọn, pé àwọn ti ń rù. Inú wọn máa ń dùn." Ó ká a, ó tì í bọ àpò. "O ò gbọdọ̀ sọ fún wọn o."

Ọjọ́rú, 2 oṣù kejìlá

Ìwé mi pé ojú ewé mẹ́sàn-án pẹ̀lú gíráàfù. Gíláàsì ti gbádùn, ó bá mi wo àwọn ìlà rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ fa ìlà bí ẹni ń gé aṣọ." Mi ò mọ̀ bóyá ó yìn mí ni. Mo gbà á fún ìyìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù kejìlá

Nọ́ọ̀sì àgbà wá gba aṣọ rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́ nínú ìwé ni mo lò, ṣùgbọ́n téèpù tuntun ni mo fi wọn aṣọ náà, èyí tí irin ti jẹ́rìí sí. Ó wọ̀ ọ́, ó na ọwọ́ sókè, ó dá ọwọ́ dúró lágbede méjì.

"Ṣé inú ń bí ọ lọ́jọ́ tó o gé aṣọ yìí ni?"

"Rárá o, mà."

"Ó fún mi. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí. Kí lo kọ́ ní yunifásítì yẹn tó gba ọwọ́ lọ́wọ́ rẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi sunkún ẹ̀rín sórí maṣíìnì. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìyìn tí wọ́n ti ń yìn mí látọjọ́ yìí, téèpù ló ni ín. Mo tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, mo fi díẹ̀ kún un, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó na ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó dìde, ó mí. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo fún un ní ààyè náà. Mo mọ iye tí mo fún un.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kejìlá

Ìdánwò físíìsì. Òtútù mú. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ àyàfi ọ̀kan. Ìṣirò ni ti ọ̀la.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù kejìlá

Mo ti ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù kejìlá

Wọ́n lẹ èsì mọ́ ara pátákó. Mo dúró lẹ́yìn, Fìlà ló fi ara gba àárín èrò kọjá. Mo rí fìlà rẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò rí ojú rẹ̀.

"Màmá, físíìsì, mẹ́tàlélọ́gọ́ta."

"Ìṣirò?"

Ó ṣí fìlà. Mo ní ó ti parí, ẹni tó bá ti ṣí fìlà, ọ̀rọ̀ òkú ló fẹ́ sọ.

"Àádọ́ta, mà. Kò lé, kò dín."

Mo ní kó padà lọ wò ó. Ó lọ, ó padà dé. Mo ní kí Gíláàsì náà lọ wò ó láìgbọ́ ti Fìlà. Gíláàsì dé, ó ní àádọ́ta. Nígbà náà ni mo tó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì mi tó mọ́.

Ọkọ mi gbọ́ ọ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n sinmi díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ń bá òun sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù kejìlá

Oòrùn mú dáadáa. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, ilé-ìwé ti lọ fún ìsinmi. Ìyá Báwo-lo-ṣe-mọ̀ wọlé, aṣọ aláwọ̀ ewé wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde fún un bí ẹni rí ìjọba.

Ó ní òun ti fi ìwé téèpù mi han obìnrin ọ́fíìsì òṣùwọ̀n. Obìnrin náà ní kí n wá bá àwọn ṣiṣẹ́ lásìkò ìsinmi gígùn, pé bí mo bá kàwé tán tó ṣì wù mí, àyè wà. Ó ní ó tún sọ fún òun pé, "Mo rí téèpù yẹn lọ́jọ́ náà, ó ń ṣe mí bíi kí n fà á yọ lọ́rùn rẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

Mo ní kó dìde kí n wọ̀n ọ́n. Mo mú téèpù tuntun, mo wọn èjìká, mo wọn àyà, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Èwo lẹ fi ń wọ̀n mí, mà?"

"Èyí tó péye, mà. Tuntun."

Ó wo ara ògiri. Téèpù àtijọ́ wà lórí ìṣó níbẹ̀, mo fi páálí kékeré kọ́ ọ lọ́rùn: 102.

"Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà," ó ní. "Ti 9.6 ni kí ẹ fi rán tèmi. Mo fẹ́ máa mí."

Ẹ̀gbọ́n mi ló rẹ́rìn-ín ṣáájú. Mo na ọwọ́ sókè, mo mú un lórí ìṣó, mo nà án sórí aṣọ aláwọ̀ ewé olùkọ́ mi.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," mo ní. "Mo ti mọ iye tó fi ń purọ́."